Ọkọ̀ Tí Kì Í Yọ́ Kẹ́lẹ́: Píkọ́ọ̀pù àti Àṣà Ìrànlọ́wọ́ ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Nígbà tí mọ́tò kékeré dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn àgbà wo ìrìn rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ tí ó bá a mu: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọkọ̀ tí ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun ń kọjá. Orúkọ yìí kò lè bá píkọ́ọ̀pù mu láéláé. Píkọ́ọ̀pù, pàápàá irú èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní agbára, kì í yọ́ wọ ìlú. Kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà agbo ilé ni àwọn ọmọdé ti ń sáré lọ pàdé rẹ̀, tí ìyàwó ilé kan ti ń ka iye àpò gàrí tí òun fẹ́ kí ó bá òun gbé lọ sí ọjà, tí bàbá kan lábẹ́ igi máńgòrò sì ti rántí pé isu òun ṣì wà lóko. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ra ohun tí yóò gbé òun àti aya àti ọmọ. Ẹni tí ó ra píkọ́ọ̀pù ní Òmù-Àrán, ní Èsìẹ́, ní Òró tàbí ní Ìsánlú-Ìsìn ra ohun tí gbogbo agbo ilé yóò máa wò gẹ́gẹ́ bí èjìká tí ó lè ru ẹrù wọn.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù fi jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣà, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì nìkan. Ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ a máa ro iye owó rẹ̀, a sì máa ro iye epo tí yóò mu, ṣùgbọ́n kì í sábà ro iye ènìyàn tí yóò bá a lò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ni ó wọ́n jù nínú gbogbo ìnáwó náà, ènìyàn náà sì ni èrè rẹ̀ tí ó tóbi jù.

OGBÓ TÍ Ó MỌ̀NÀ

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun létí ọmọ Ìgbómìnà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé nígbà tí ọmọ aládé tí ó ṣẹ ẹ̀yà náà sílẹ̀ ń kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, a fún un ní àdá kan tí à ń pè ní ogbó. Ogbó yìí ni ó fi la igbó kọjá, òun náà ni ó sì tọ́ ọ sọ́nà dé ibi tí ó tẹ̀dó sí. “Ogbó mi mọ̀nà” ni wọ́n ní ó di Ìgbómìnà. Ẹ̀kọ́ inú ìtàn náà hàn gbangba: ẹni tí yóò dé ibi tí ó dára gbọ́dọ̀ ní ohun èlò tí ó lè la ọ̀nà níbi tí kò sí ọ̀nà.

Ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ń béèrè irú ohun èlò bẹ́ẹ̀. Agbedeméjì igbó àti ọ̀dàn ni ó wà, òkè àti àpáta sì pọ̀ níbẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀. Ní àkókò yìí, àgbàrá a gbẹ́ ojú ọ̀nà oko di kòtò, ilẹ̀ pupa tí ó le bí òkúta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a sì di ẹrẹ̀ tí ń gbé ẹsẹ̀ mì. Àlejò tí ó fẹ́ lọ wo àwọn ère òkúta Èsìẹ́, tí iye wọn lé ní ẹgbẹ̀rún, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1945, tí ó sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, lè fi ọkọ̀ kékeré lọ kí ó sì fi í bọ̀. Ṣùgbọ́n isu kì í hù lójú títì. Ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ọkà bàbà kì í hù níbẹ̀. Ẹ̀yìn odò ni oko wà, lẹ́yìn afárá onígi tí òjò ọdún tí ó kọjá ti gbé apá kan rẹ̀ lọ.

Láyé àtijọ́, orí ènìyàn ni ọkọ̀. Obìnrin a ru irè oko wálé, aláàárù a ru ẹrù oníṣòwò láti ìlú dé ìlú. Ẹṣin wà fún ọba, fún ìjòyè àti fún jagunjagun, ṣùgbọ́n kò lè pọ̀, nítorí pé àwọn eṣinṣin inú igbó a máa kó àrùn tí ń pa á ràn án. Nígbà tí ojú irin gba Ọ̀fà kọjá dé Ìlọrin ní ọdún 1908, ẹni tí ó fẹ́ fi irè oko ránṣẹ́ ṣì ní láti kọ́kọ́ rù ú dé ibùdókọ̀. Lẹ́yìn náà ni bọ̀lẹ̀kájà dé, ọkọ̀ akẹ́rù onípákó tí èrò àti àpò ẹrù jọ ń há mọ́ra nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú títì ni bọ̀lẹ̀kájà mọ̀, kò mọ ọ̀nà oko.

Ní ọdún 1948 ni a kọ́kọ́ fi Land Rover han gbogbo ayé ní ìlú Amsterdam. Irin wọ́n gógó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kejì, nítorí náà alumíníọ́mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, wọ́n sì fún ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní agbára. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ọkọ̀ ìjọba ni Lándírófà lójú ará oko. Bí ó bá ti yọ, ohun tí ń bọ̀ lè jẹ́ òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ó ń bọ̀ wá wọn ilẹ̀. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Kàdúná, Pijó 504 sì gbalẹ̀ kan. Èyí tí ó ní ẹ̀yìn gbọọrọ nínú wọn di ààyò agbaṣẹ́ṣe àti oníṣòwò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí. Toyota ti gbé Hilux jáde ní Jàpáàn láti ọdún 1968, ó sì ṣe irú èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní agbára ní ọdún 1979. Òun ni àwọn olóṣèlú àti ọlọ́pàá ń gùn kiri lónìí. Tòkúnbọ̀ rẹ̀ ni àgbẹ̀ àti oníṣòwò ń fi owó àjọ wá.

AGBÁRA KÌ Í ṢE Ọ̀FẸ́

Nínú ọkọ̀ lásán, ẹsẹ̀ méjì ni ẹ́ńjìnnì ń yí, méjì yòókù ń tẹ̀lé wọn ni. Bí àwọn méjì tí ń ṣiṣẹ́ bá rì sínú ẹrẹ̀, ìrìn parí. Nínú ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní agbára, bí méjì bá ń yọ̀, ó ṣeé ṣe kí méjì yòókù rí ilẹ̀ gbígbẹ dì mú. Ó tún ní jíà kan tí ń mú ẹsẹ̀ rẹ̀ yí díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ipá ńlá, bí àgbà tí ó fi ọ̀pá gun òkè: kò yára, ṣùgbọ́n kò ṣubú. Inú rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀, kùkùté àti òkúta kì í tètè gbá a. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè ru nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan, èyí tí í ṣe àpò mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn 100 kìlógíráàmù. Ẹni tí ó bá ti ru àpò kan ṣoṣo rí lórí kò nílò àlàyé lórí ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Bí ó ti wù kí ó rí, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹwà wọ̀nyí tí kò ní àbùkù tirẹ̀. Sípíríǹgì tí a ṣe le kí ó lè gbé tọ́ọ̀nù kan a máa ta èrò sókè bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ṣófo. Ìyá arúgbó tí a fi í gbé lọ sí ilé ìwòsàn lè fi egungun ẹ̀yìn kún àìsàn tí ó gbé e lọ. Gíga tí ń gbà á lọ́wọ́ kùkùté ni ó ń mú un tètè dojú dé bí awakọ̀ bá fi eré wọ kọ́nà. Àwọn àgbà ṣáà ti ní ẹni tí ó gẹṣin, ilẹ̀ ni ó ń bọ̀. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá ní ẹrù, a máa yọ̀ lójú títì tí òjò pa. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, bí awakọ̀ bá fi agbára ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn lórí ọ̀dà gbígbẹ, jíà àti táyà yóò máa bá ara wọn jà títí ọ̀kan yóò fi bàjẹ́. Ẹni tí ó ra oníjòókòó iwájú àti ẹ̀yìn nítorí aya àti ọmọ ti fi ààyè isu tọrẹ, nítorí pé ibi tí a ti yọ ìjókòó kejì náà ni a ti gé ẹ̀yìn ọkọ̀ kúrú. Nínú àwọn tòkúnbọ̀ pàápàá, a máa ń rí èyí tí ó ní orúkọ ẹsẹ̀ mẹ́rin ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ti kú kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Àárín ẹrẹ̀ ni olówó rẹ̀ ti ń mọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni epo. Títí di oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà bẹntiróòlù kò tó 200 náírà ní ilé epo ìjọba. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo ní ìparí oṣù náà, ó fò kọjá 480 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí ọdún 2024 sì fi ń parí lọ, ó ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Láti Òmù-Àrán dé Ìlọrin tó nǹkan bí 80 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 160. Bí píkọ́ọ̀pù kan bá ń mu lítà 13 fún 100 kìlómítà, ìrìn-àjò ọjọ́ kan náà yóò mu nǹkan bí lítà 21. Ní 1,000 náírà fún lítà kan, 21,000 náírà nìyẹn. Owó oṣù tí ó kéré jù tí ìjọba fi lélẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ìrìn-àjò kan ṣoṣo sí Ìlọrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. A kò tíì mẹ́nu ba ọ̀nà oko, níbi tí ọkọ̀ ń fi jíà kékeré rìn, tí ó sì ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ọdún mẹ́ta ń gbẹ.

TA NI Ó NI ỌKỌ̀?

Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ tuntun bá wọ agbo ilé ni a ti gbin ìbéèrè yìí. Àwọn tí ń bọ Ògún a fi obì, epo pupa àti ajá tọrọ ààbò lọ́wọ́ onírin. Ní ọ̀pọ̀ ilé lónìí, àlùfáà ìjọ tàbí ààfáà ni ó ń gbàdúrà sí i, ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ìrẹsì sì ni a fi ń ṣe é, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní wọ́ọ̀ṣì ọkọ̀. Ọ̀nà yòówù kí a gbà ṣe é, àdúrà kan náà ni: ọkọ̀ yóò gbé ọ re, yóò gbé ọ bọ̀, ìwọ kò ní fi gbé àgbákò. Gbogbo agbo ilé dáhùn pé àṣẹ, wọ́n dáhùn pé àmín. Gbogbo wọn jẹ níbẹ̀, wọ́n sì mu. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tí ó ṣe àmín gbà pé òun ní ìpín nínú ohun tí òun ṣe àmín sí.

Kò ní pẹ́ tí ìpè yóò fi bẹ̀rẹ̀. Aboyún ń rọbí ní abúlé lóru, ọ̀kadà kò sì lè gbé e. Òkú wà ní ilé ìwòsàn, a fẹ́ gbé e wálé. A fẹ́ kó ẹrù ìyàwó lọ sí ilé ọkọ. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kó búlọ́ọ̀kù, ìyá fẹ́ kó gàrí, ẹgbẹ́ akọrin fẹ́ kó ìlù. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sún un dé ibẹ̀ yẹn” ni gbogbo wọn ń sọ, bí ẹni pé ọkọ̀ náà kì í jẹun. Nígbà tí a bá sì padà dé, “Ẹ ṣé o, Ọlọ́run yóò san án fún yín” ni owó ọkọ̀. Àdúrà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í wọ inú táǹkì.

Ọ̀nà méjì ni olówó ọkọ̀ sábà máa ń gbà jìn sí kòtò níhìn-ín. Èkíní ni ẹni tí kò mọ bí a ti ń wí pé rárá. Ṣe ni yóò máa gbé, títí sípíríǹgì yóò fi ṣẹ́, tí táyà yóò fi dán bí agbárí. Láàárín ọdún díẹ̀ ọkọ̀ ti dúró sábẹ́ igi, adìẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀, kò sì sí ẹnìkan nínú àwọn tí ó bá a lò ó tí ó mọ ilé mẹkáníìkì. Èkejì ni ẹni tí ó ń wí pé: “Ọkọ̀ mi ni, òógùn ojú mi ni.” Òtítọ́ ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó fi ń dáko, ilẹ̀ ẹbí ni. Nígbà tí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà bá sì rì, nítorí pé kò sí ọkọ̀ tí kì í rì bí ẹrẹ̀ bá jìn tó, ọwọ́ àwọn ará abúlé ni yóò tì í jáde. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹni tí a ti mọ̀ sí ahun lè rí i pé gbogbo ènìyàn ni ó níṣẹ́ lọ́wọ́ ní ọjọ́ náà.

ÀÁRÓ ÀTI Ọ̀WẸ̀

Kí ni ọ̀nà àbáyọ? Kò yẹ kí a lọ jìnnà wá a, nítorí pé àwọn baba ńlá Yorùbá ti ya ìrànlọ́wọ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí mọ́tò tó dé. Ọ̀wẹ̀ wà, àáró sì wà, wọn kì í sì í ṣe ohun kan náà.

Ọ̀wẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ tí a kì í ka iye rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé, tàbí tí ó fẹ́ ro oko àna rẹ̀, a ké sí ẹbí àti ọ̀rẹ́, wọn a wá bá a ṣe é ní ọjọ́ kan. Kò ní san owó fún wọn, ṣùgbọ́n dandan ni kí ó fún wọn ní oúnjẹ àti ohun mímu. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ tí kò se oúnjẹ, ojú yóò tì í. Àáró ní tirẹ̀ ní ìṣírò nínú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ni ń ṣe é: lónìí ní oko tèmi, lọ́la ní oko tìrẹ, iye ọjọ́ tí o bá mi ṣe ni èmi náà yóò bá ọ ṣe. Ẹni tí kò bá lè wá a rán ẹlòmíràn dípò ara rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pe ẹni tí ń ka ọjọ́ àáró ní ahun, nítorí kíkà náà ni kò jẹ́ kí ọ̀rẹ́ bàjẹ́.

Àṣìṣe tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù ni pé àwọn ènìyàn ti sọ gbogbo ìpè di ọ̀wẹ̀, wọ́n sì ti gbàgbé oúnjẹ tí ọ̀wẹ̀ ń béèrè. Bí a bá dá ohun gbogbo padà sí àyè rẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni yóò yọ.

Èkíní ni ti ìpọ́njú. Aboyún, aláìsàn àti òkú kì í dúró de ìdúnàádúrà. Ẹni tí ó bá ní kí a kọ́kọ́ san owó kí òun tó tan iná ọkọ̀ fún ẹni tí ń rọbí ti jáde kúrò nínú ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ara bá ti tu ẹni tí a gbé, tàbí tí a bá ti sin òkú tán, ojúṣe ti bọ́ sí ọrùn ẹbí ẹni náà. Nígbà tí wọ́n bá ń gbé òkú wálé láyé àtijọ́, wọn a máa tu ìyẹ́ adìẹ ìrànà sójú ọ̀nà. Yorùbá sì ní adìẹ ìrànà kì í ṣe ohun àjẹgbé. Ohun tí a ṣe fún ẹnìkan lónìí yóò kan ẹlòmíràn lọ́la. Kí ẹbí dá epo ọkọ̀ padà láìjẹ́ pé a béèrè, òun ni ìtumọ̀ òwe náà ní ayé mọ́tò.

Èkejì ni ti ayẹyẹ, bí ẹrù ìyàwó àti ìṣílé. Ọ̀wẹ̀ gidi ni èyí, òfin ọ̀wẹ̀ sì ni kí a fi mú un: ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ni ń bọ́ òṣìṣẹ́. Oúnjẹ ọkọ̀ ni epo. Ẹni tí ó lè se ìrẹsì fún igba ènìyàn kò lè sọ pé òun kò rí oúnjẹ lítà mẹ́wàá fún ọkọ̀ tí ó gbé ìrẹsì náà. Kí ó má sì ṣe kó ènìyàn jọ sórí ẹrù. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, kò yé kìlọ̀ nípa àṣà kíkó èrò àti ẹrù pọ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ayẹyẹ ni ó ti tibẹ̀ di ọ̀fọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti òwò. Gàrí, isu àti ọkà tí a fẹ́ tà, àáró ni ó tọ́ sí wọn. Ẹni tí ó ní owó, kí ó dá sí epo àti táyà. Ẹni tí kò ní, apá rẹ̀ wà. Ẹni tí a bá gbé àpò mẹ́wàá fún lè kọ ebè ọjọ́ méjì ní oko olówó ọkọ̀, agbára fún agbára, kò sì sí ẹni tí ó tọrọ báárà níbẹ̀. Àwọn àgbà kan lè sọ pé ìṣírò kò yẹ láàárín ọmọ ìyá. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni ó ń ṣe àáró láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ìṣírò náà kò sì tú wọn ká. Ohun tí ń tú ẹbí ká ni ìkùnsínú ẹni tí ó ń gbé, tí kò sọ, tí kò sì lè gbé mọ́.

OGÚN TÍ A KÒ LÈ LÀ SÍ MÉJÌ

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí a kì í fẹ́ sọ nígbà tí ọkọ̀ bá ṣì tuntun. Ọjọ́ tí olówó rẹ̀ bá kú, ohun tí ó jẹ́ àdáni yóò di ogún. Yorùbá ń pín ogún ní ìdí-igi, iye ìyàwó tí ó bí ọmọ ni iye ìpín. Wọ́n sì ń pín in ní orí-ò-jorí, iye ọmọ ni iye ìpín. Ní ọdún 1962, ìgbìmọ̀ ẹjọ́ tí ó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, nínú ẹjọ́ kan tí ó ti Èkó wá, pé ìdí-igi jẹ́ ojúlówó òfin àbínibí Yorùbá. Ilẹ̀ ṣeé là sí mẹ́rin, yàrá ṣeé pín, ṣùgbọ́n ta ni yóò la píkọ́ọ̀pù? Ìdí-igi kan yóò ní àwọn ni àgbà, èkejì yóò ní àwọn ni ó ń bá bàbá lọ sí oko. Nígbà tí ìjà bá fi máa parí, ọwọ́ ìpẹtà ni ọkọ̀ yóò ti bọ́ sí. Ọlọ́gbọ́n olówó ọkọ̀ a sọ ọ́ lójú ayé rẹ̀, níwájú ẹlẹ́rìí, ẹni tí yóò gbà á, tàbí pé kí a tà á kí a pín owó rẹ̀.

Ọjọ́ tí ó dára jù láti sọ gbogbo èyí ni ọjọ́ wọ́ọ̀ṣì náà gan-an, nígbà tí inú gbogbo ènìyàn dùn, tí àwọn àgbà sì wà ní ìjókòó. Lẹ́yìn àdúrà, kí ó tó di pé a gbé oúnjẹ, kí olówó ọkọ̀ dìde, kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó sì wí pé: “Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ọkọ̀ yìí wà fún ìpọ́njú yín tọ̀sán tòru. Ti ayẹyẹ, ẹ bá mi bọ́ ọ. Ti òwò, ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe àáró rẹ̀.” Bí agbo ilé bá ṣe àmín sí èyí, wọ́n ti ṣe àmín sí ọkọ̀ tí yóò pẹ́. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ogbó tí ìtàn sọ pé ó la ọ̀nà fún àwọn baba ńlá Ìgbómìnà, ọwọ́ ẹnìkan ni ó wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó tẹ̀lé e gba ojú ọ̀nà náà kọjá. Àdá tí gbogbo agbo ilé ń lò tí ẹnikẹ́ni kì í pọ́n yóò kú. Èyí tí a kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, inú àkọ̀ ni yóò ti dógùn-ún.